Àjọgbé Ni Ogún Augustine: Àgbéyẹ̀wò Kan Láti Ìlárá-Ẹ̀pẹ́

Ní Ìlárá, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, yunifásítì kan wà tí Ìjọ Àgùdà ti Èkó dá sílẹ̀. Ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, Augustine Mímọ́ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Bí a bá bi ènìyàn léèrè pé ta ni Augustine, ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé ọ̀mọ̀wé ni, pé bíṣọ́ọ̀bù ni, pé ó kọ ìwé tó pọ̀ ju èyí tí ẹnìkan lè kà tán lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìdáhùn náà fo ohun kan tí ọkùnrin yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lépa: kò fẹ́ dá gbé. Láti ìgbà tó ti gba ìrìbọmi ní 387 títí tó fi kú ní 430, pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé, tábìlì kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun lórí rẹ̀, inú àpò kan náà ni wọ́n sì wá ń ná owó.

Irú ìgbé ayé yìí ni àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ inú Ìjọ Àgùdà ń gbé títí di òní. Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni àwọn fáàdá, àwọn bùrọ́dà àti àwọn sísítà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta níwájú Ọlọ́run: pé àwọn kò ní ní ohun ìní tara àwọn, pé àwọn kò ní gbéyàwó tàbí kí àwọn lọ́kọ, pé àwọn yóò gbọ́ràn sí olórí ilé lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo fáàdá ló wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ fáàdá tí à ń rí ní ìjọ àdúgbò wa, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà tààrà; àwọn náà kì í gbéyàwó, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní ní ohun ìní. Ti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ìlànà ilé, wọ́n ní ogún tí ẹni tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ fi lé wọn lọ́wọ́.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí gan-an ni ogún náà? Bí a bá dé Abẹ́òkúta, wọn yóò fi ilé ìwòsàn Sacred Heart hàn wá, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1895. Bí a bá dé Èkó, wọn yóò fi St. Gregory's College hàn wá, èyí tó ti wà láti 1928. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni ogún àwọn ẹgbẹ́ yìí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ìwọ̀nyẹn. Àjọgbé ló bí wọn, àjọgbé ló tọ́ wọn dàgbà, òun sì ni ogún tó yẹ kí a béèrè fún.

Áfíríkà ló ti ṣẹ̀

Àwọn kan a máa sọ pé àṣà òyìnbó ni kí àgbàlagbà kó ara wọn jọ sínú ilé kan láìsí ìyàwó, láìsí ọmọ, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ọkọ̀ òyìnbó ló gbé e dé etíkun wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Antony, ọmọ Íjíbítì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ lọ dá gbé nínú aṣálẹ̀ nítorí Ọlọ́run. Ní nǹkan bí ọdún 320, ọmọ Íjíbítì mìíràn, Pachomius, wá rí i pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó kó àwọn ọkùnrin jọ sí Tabennisi, létí odò Náílì, ó la iṣẹ́, oúnjẹ àti àdúrà sílẹ̀ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá ru ẹrù ara rẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà ni Augustine náà. Wọ́n bí i ní 354 ní Thagaste, ìlú tí à ń pè ní Souk Ahras ní Àlgéríà lónìí. Ó lọ kọ́ni ní Ítálì, ó sì gba ìrìbọmi ní Milan ní ọjọ́ Àjíǹde 387 láti ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose. Bí wọ́n ti ń múra àtipadà sílé, ìyá rẹ̀, Monica, kú ní Ostia. Ní 388 ó dé Thagaste, ó yọwọ́ kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jọ ń gbé, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kàwé.

Ní 391 ó lọ sí Hippo, ìlú etíkun tó ń jẹ́ Annaba nísinsìnyí. Ó ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé àjọgbé mìíràn sí. Àwọn ará ìjọ gbá a mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àfi kó di àlùfáà àwọn. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà. Bíṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, Valerius, mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó fún un ní ọgbà kan lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni Augustine kọ́ ilé náà sí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní nǹkan bí 395, ó rí i pé bíṣọ́ọ̀bù kò lè ṣàìgba àlejò tọ̀sán-tòru, èyí yóò sì da ilé inú ọgbà láàmú. Ó kó lọ sí ààfin bíṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ ààfin náà di ilé àjọgbé: gbogbo àlùfáà tó bá fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá máa bá a gbé, kó sì fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Possidius, tí òun náà ti bá a gbé ilé yìí, kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn tó kú. Ó sọ bí ilé náà ti rí. Ṣíbí nìkan ló jẹ́ fàdákà lórí tábìlì. Igi, amọ̀ àti òkúta ni gbogbo abọ́ tó kù, kì í sì í ṣe pé owó ló wọ́n wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sára tábìlì náà láti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀ láìdáa kò ní àyè níbi oúnjẹ yìí. Nígbà kan, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jẹun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Augustine bínú, ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan: yálà kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ara tábìlì rẹ́, tàbí kí òun dìde níbi oúnjẹ lọ sí yàrá òun. Ẹni tó ti gbé ilé tí èrò pọ̀ sí rí mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń tú ilé ká.

Ohun tó wà nínú ìlànà náà

Ní nǹkan bí ọdún 397, Augustine kọ ìlànà kan fún àwọn tó ń gbé papọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ni. Ẹni tó bá jókòó tì í yóò kà á tán kí ìrẹsì tó jinná. Òun náà ló sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa kà á sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun gbàgbé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọ ìdí tí wọ́n fi kó jọ: kí wọ́n lè gbé inú ilé náà ní ọkàn kan àti èrò kan síhà Ọlọ́run. Inú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ló ti mú un, níbi tí a ti ń kà á pé àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ jọ ní ohun gbogbo ní àpapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ohun tó kàn ni aṣọ àti oúnjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ohunkóhun ní tara rẹ̀. Kí olórí ilé pín in, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọọgba, nítorí ara kò rí bákan náà. Bí àìní kálukú bá ti tó ni kí wọ́n fún un. Aláìsàn ń fẹ́ oúnjẹ tó dáa ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹni tó ti inú ọlá wá lè má lè fara da ohun tí ọmọ tálákà lè fara dà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jowú rẹ̀. Augustine wá yíjú sí ìhà méjèèjì. Ó kìlọ̀ fún ẹni tó ti ní owó rí pé kó má ṣe máa fi ohun tó mú wá ṣakọ. Ó kìlọ̀ fún ẹni tí kò ní rí pé kó má ṣe gbéraga nítorí pé ó ń bá àwọn tí kò jẹ́ lè sún mọ́ tẹ́lẹ̀ jókòó. Àwọn àgbà wa ní àjọjẹ kò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ohun tí Augustine fi kún un ni pé àjọjẹ kò ní dùn náà bí ẹni tó ní kò bá lè gbàgbé pé òun ló ní.

Ìlànà náà kò fo nǹkan kékeré. Ó sọ bí wọn yóò ti máa fọ aṣọ. Ó sọ pé wákàtí kan ní ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa yá ìwé, ẹni tó bá béèrè lẹ́yìn wákàtí náà kò ní rí gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá nílò aṣọ tàbí bàtà, kí wọ́n fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnìkan bá gba ẹ̀bùn láti ilé àwọn òbí rẹ̀, ì báà jẹ́ aṣọ, kó gbé e fún olórí, kí wọ́n fi fún ẹni tó nílò rẹ̀ jù lọ. Bí ìjà bá dé, kí wọ́n tètè parí rẹ̀ kí ìbínú tó di ìkórìíra, kí ẹni tó ṣẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sì dárí jì í láìjiyàn. Olórí ilé kò gbọ́dọ̀ ka ara rẹ̀ sí ẹni ire nítorí pé ó ń pàṣẹ. Kó kà á sí ire pé ó ń fi ìfẹ́ sin àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni yóò jíhìn nípa wọn fún Ọlọ́run.

Ẹni tó mọ̀ pé ìjà yóò dé ló kọ irú ìlànà báyìí. Ahọ́n àti ẹnu ń jà, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àwọn tí kò bá ara wọn tan. Ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ wà ní Hippo, èyí tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n Augustine lóbìnrin ti ṣe olórí rẹ̀ títí ó fi kú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin náà dojú ìjà kọ olórí tuntun, wọ́n fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Augustine kọ lẹ́tà gbọọrọ sí wọn, ó bá wọn wí gidigidi, irú ìlànà yìí kan náà ló sì tẹ̀ lé ìbáwí náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti hàn pé àwọn ènìyàn bíi tiwa ni ìwé yìí wà fún.

Ọ̀rọ̀ Januarius

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó fi bí ọ̀rọ̀ owó ti le tó hàn. Ní nǹkan bí 425, àlùfáà kan tó ń bá Augustine gbé, Januarius, wà lójú ikú. Nígbà tó wọlé, ó ní òun ti fi gbogbo ohun ìní òun sílẹ̀. Owó kan kù sí i lọ́wọ́, ó ní ti ọmọbìnrin òun ni, ẹni tó wà ní ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, pé òun ń tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi tó ọjọ́ orí tí yóò lè pinnu. Nígbà tí ikú dé, ó ṣe ìwé ìhágún. Ó búra pé òun lòun ni owó náà, ó yọ ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó sì há a fún ìjọ.

Ọ̀pọ̀ olórí ìjọ ni yóò gba irú owó bẹ́ẹ̀, wọn yóò sì dúpẹ́. Augustine kọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní ohun ìní kò lè há ohun ìní, ìjọ kò sì ní fi omi ojú àwọn ọmọ olóògbé ṣe ọrọ̀. Kò fi bò. Ó pe gbogbo ìjọ jọ, ó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ti ń gbà gbọ́ nípa ilé òun kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ó fún àwọn àlùfáà rẹ̀ ní gbèdéke láti tú ohun tó wà lọ́wọ́ kálukú sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó tún pe ìjọ jọ, ó sì jíhìn nípa àwọn àlùfáà àti díákónì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni yìí ní ilé kan, ó ti fi sílẹ̀, ẹni yẹn ní ilẹ̀ tí òun àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kò tíì pín, bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí.

Mo fẹ́ kí á dúró síbí díẹ̀. Ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún dìde níwájú apẹja, oníṣòwò àti ẹrú, ó sọ ìṣirò ilé rẹ̀ ní gbangba. Kò sí ẹni tó fi òfin mú un. Ìgbé ayé àjọgbé rẹ̀ ló béèrè rẹ̀, nítorí pé àpò tí kálukú kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àpò àpapọ̀. Nígbà tí òun náà kú ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 430, bí àwọn ọmọ ogun Vandal ti dó ti Hippo, Possidius ní kò ṣe ìwé ìhágún kankan, torí kò ní ohun tí yóò há. Ìwé inú yàrá ìkàwé nìkan ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́jú.

Bí ogún náà ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa

Hippo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò bá a lọ. Norbert lò ó nígbà tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Prémontré, ní Faransé, ní nǹkan bí 1120. Ìpàdé ńlá tí Ìjọ ṣe ní Lateran ní 1215 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún hùmọ̀ ìlànà tuntun, pé kí ẹni tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ mú ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́. Dominic àti àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Dominican, mú ti Augustine, Póòpù sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn ní 1216. Ní 1256 ni Póòpù Alexander Kẹrin so oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àwọn adágbé Ítálì pọ̀ di ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ Augustine gan-an. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Robert Prevost ti wá. Ó ṣe olórí rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé láti 2001 di 2013, ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n sì yàn án ní Póòpù Leo Kẹrìnlá. Àwọn Augustinian láti Ireland ti dé ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà láti 1938.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni àjọgbé kọ́kọ́ gbà wọlé. Kí fáàdá kankan tó dé Èkó, àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ ti ń péjọ gbàdúrà. Ọmọ ìjọ lásán ni ẹni tó ń darí wọn, àwọn ènìyàn ń pè é ní Pa Antonio. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 1856, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan sílẹ̀ ní Lyon nítorí Áfíríkà. Èyí ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní SMA. Òun fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Freetown ní 1859, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló lò tí ibà fi pa á. Augustin Planque ló gba iṣẹ́ náà. Ní 1861 àwọn ènìyàn rẹ̀ dé Ouidah, ní 1868 fáàdá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Èkó. Ní 1876 Planque dá ẹgbẹ́ àwọn sísítà OLA sílẹ̀.

Àwọn SMA kì í jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta bíi ti Dominican. Wọ́n ń búra fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni, wọ́n sì jọ ń gbé. Ṣùgbọ́n wo bí ikú ti ń pa wọ́n ní etíkun yìí, kí o sọ fún mi bí ẹni tó dá wà ì bá ti ṣe é. Bí ibà bá mú ọ̀kan, èkejì ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí èkejì bá kú, ẹ̀kẹta yóò gbé ìwé ìṣirò, yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ilé ìwé tó bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹni náà bá kú ni yóò tú. Ti ẹgbẹ́ kò tú.

Àwọn Dominican láti Amẹ́ríkà dé Nàìjíríà ní 1951, wọ́n sì ní ilé ní Yábàá àti ní Samonda, n'Ìbàdàn. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ Augustine nípa ìlànà tó sún mọ́ Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń yan olórí ilé wọn nípa ìbò fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò padà sí ààyè rẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Demas Nwoko, ayàwòrán àti olùkọ́ eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ya ilé àdúrà wọn ní Samonda, ní àwọn ọdún 1970. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023 fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀, ilé àdúrà yẹn wà lára ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn Dominican ti ń péjọ láti kọ orin Dáfídì, apá kan kọ ẹsẹ kan, apá kejì gba èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀ yóò ba ti gbogbo ilé jẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó tóbi jù lọ ni ti 1943, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Leo Taylor ti Èkó dá ẹgbẹ́ àwọn sísítà ọmọ ilẹ̀ wa sílẹ̀, Eucharistic Heart of Jesus. Láti ìgbà náà, kì í ṣe pé à ń gba àlejò ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tiwa ló ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí wọ́n ń ṣe olórí ilé, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn.

Àtakò tó yẹ ká dá lóhùn

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti ọmọ. Yorùbá gbà pé ọmọ ni yóò sin ni, ọmọ ni yóò jẹ́ orúkọ ẹni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ di sísítà kò ṣàṣìṣe bó bá sunkún. Mi ò ní sọ pé ẹkún náà kò tọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tó dá gbé ló yẹ kí á káàánú. Ẹni tó wà nínú ilé tó ń pa ìlànà mọ́ ní ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ nígbà àìsàn, ní ẹni tí yóò sin ín, ní ẹni tí yóò máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lọ́dọọdún. Bí ilé náà bá dẹ́kun àjọgbé, tí kálukú ń wá tirẹ̀ kiri, nígbà náà ni ẹ̀jẹ́ yẹn di ìyà lásán. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àjọgbé kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara ẹ̀jẹ́. Òun ló gbé e ró.

Àtakò kejì ni pé a ti ní agbo ilé tiwa, kí la tún ń wá? Òótọ́ ni pé agbo ilé kọ́ wa ní púpọ̀: baálé, ìkíni àárọ̀, oúnjẹ tí ọmọ èyíkéyìí lè jẹ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ló so agbo ilé pọ̀, ogún ló sì máa ń tú u. A ti rí ilé tó kún fún ẹ̀rín tí ó di ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kẹjọ tí bàbá kú. Ilé Augustine gba ẹni tí kò bá ni tan, ó sì mú ogún kúrò láàárín wọn kí ìjà tó ti ibẹ̀ yọ. Nínú ilé sísítà kan lónìí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Íbò àti ọmọ Ẹ̀gùn lè jọ wà lábẹ́ olórí kan. Ìyẹn kọjá ohun tí agbo ilé ń ṣe.

Àtakò kẹta wá láti inú ohun tí ojú wa ń rí: pé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ kan wà tí ayé wọn kò jọ ẹ̀jẹ́ wọn. Èyí kò já ogún náà ní koro. Ọ̀rọ̀ Januarius fi hàn pé àìsàn náà ti wà nínú ilé Augustine alára. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni bóyá ilé náà ní ìgboyà láti sọ ọ́ jáde, kó sì tún un ṣe.

Ohun tí Ẹ̀pẹ́ lè mú níbẹ̀

Bí orúkọ Augustine ṣe dé Ẹ̀pẹ́ yìí, ó dé ìlú tó mọ iyì àjọgbé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní ìparí 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1862 ó padà, àwọn tó bá a padà sì tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó l'Ékòó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti jọ wà létí ọ̀sà kan náà, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe. Kò fìgbà gbogbo rọrùn fún wọn, síbẹ̀ wọn kò tú ká.

Ilé ìwé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni yunifásítì Ìlárá, kì í ṣe ilé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, a kò sì lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú ìlànà Augustine tí kò béèrè ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èkíní ni ìṣirò gbangba: kí olórí ìjọ, olórí ẹgbẹ́ àti olórí ilé ìwé máa sọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde fún àwọn tó ni ín. Èkejì ni pípín bí àìní ti tó: kí ọmọ tí kò lówó má ṣe di ẹni ẹ̀yìn nítorí pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lówó, kí ẹni tó lówó má sì gba ọpẹ́ tó ju ti ènìyàn lọ. Ẹ̀kẹta ni pé kí á máa parí ìjà kí ó tó gbó, kí á sì dẹ́kun láti máa fi ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe oúnjẹ. Pa Antonio kì í ṣe fáàdá, àwọn Àgùdà tó ń bá a gbàdúrà kò jẹ́ ẹ̀jẹ́, síbẹ̀ àwọn ló pa ìjọ mọ́ di ọjọ́ tí fáàdá dé. Ìdílé, ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ ọjà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ fúnra wọn, èrò mi kò fì síbì kan. Ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ìwé míṣọ̀n ní àwọn ọdún 1970. Ní 2001 Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà, St. Gregory's wà lára wọn. Ní gbogbo ọdún tí ilé ìwé kò sí lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹgbẹ́ yìí kò parẹ́, torí pé kì í ṣe ilé ìwé ló so wọ́n pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá jọ̀wọ́ tábìlì kan, àpò kan àti àdúrà kan ni wọn yóò parẹ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ilé ìwé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ran ẹgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa, kó má ṣe béèrè iye ilé tí wọ́n kọ́ nìkan. Kó béèrè bí wọ́n ti ń jẹun, ta ló ń mọ iye owó tó wà nílẹ̀, ta ló ń tọ́jú àgbàlagbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ilé tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí dáadáa ti jogún Augustine. Kí a rán àwọn ọmọ wa síbẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.